Sítúdíò inú yàrá kan l'Ékòó: ariwo àti ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe sítúdíò sílé, Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń yà sí. Á ra máìkì olówó gọbọi, á gbé e wọ yàrá oníbúlọ́ọ̀kù tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì àti àga kan lọ, á kọrin sí i, ohùn á sì dún bíi ti ẹni tó ki orí bọ inú dúrọ́ọ̀mù. Á ní máìkì ni kò dáa. Máìkì kò jẹ̀bi. Bí máìkì bá ṣe dáa tó ló ṣe máa ń gbọ́ ògiri tó, á gbọ́ fáànù, á gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì, á sì gbọ́ kọ́ńdọ́ tó ń ké "Ọ̀ṣòdì! Ọ̀ṣòdì!" lójú títì. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi gba ẹ̀yìn wọlé: yàrá ló ṣáájú, iná tẹ̀lé e, ohun èlò ló kẹ́yìn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibi méjì àkọ́kọ́ ni kó ná èyí tó pọ̀ jù sí.

Yíyan yàrá

Ẹ pa fáànù. Ẹ dúró láàárín yàrá, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, kó ró gan-an. Bí ìró náà bá ń gbọ̀n rìrì tẹ̀lé àtẹ́wọ́, ògiri méjì tó kọjú síra ló ń ju ohùn síra wọn bí ọmọdé ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Bí ìró náà bá kú lójú ẹsẹ̀, yàrá yẹn ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́; ó sábà máa ń jẹ́ yàrá tí aṣọ kún, tí kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀, ìṣẹ́jú méjì méjì, ní aago 7 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 9 alẹ́ àti aago 2 òru. Ẹ fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ ọ, kí ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀: fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ajá, rédíò ará ilé. Ní Mushin, Sùúrùlérè tàbí Yaba, aago 1 sí aago 4 òru ló sábà máa ń dákẹ́ jù, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, kí dánfó àkọ́kọ́ sì tó jáde. Alẹ́ Jímọ̀ yàtọ̀, nítorí ìṣọ́ òru. Bí òjò bá ń lu páànù, kò sí ọgbọ́n kankan tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi pò orin tẹ́ ẹ ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ da àwọn ohùn rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n bá ara wọn mu (mixing).

Ìwọ̀n yàrá náà ní ohun tó ń ṣe. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tó pọ̀ ní ilé Èkó, wà lára èyí tó le jù láti tọ́jú. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66. Ẹ ṣírò rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní nǹkan bíi 47 Hz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 47 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), àti ìlọ́po rẹ̀ ní 94 Hz, á máa lọ á máa bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì, kò ní tètè kú. Nígbà tí gígùn àti ìbú bá wá dọ́gba, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fẹ ohùn kan ṣoṣo yìí. Bass á máa kún ní kọ̀rọ̀ yàrá, á sì pòórá láàárín gbùngbùn. Yàrá 10 sí 12 sàn díẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ní, ẹ má fi àga síbi àárín gbùngbùn, ẹ má sì fi sí kọ̀rọ̀. Ẹ kọjú sí ògiri tó kúrú, kí ẹ jókòó síbi tó tó ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn yàrá sí ògiri yẹn. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn á jẹ́ nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ògiri: iṣẹ́ méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Dídá ariwo ìta dúró jẹ́ iṣẹ́ kan. Ohun tó wúwo àti ohun tó dí ihò pa ló ń ṣe é. Mímú kí ohùn inú yàrá má ta padà jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ohun tó rọ̀, tó sì nípọn ló ń ṣe ìyẹn. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ oníkọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè dá jẹnẹrétọ̀ ará ilé dúró láéláé. Páálí ẹyin kò lè dá nǹkan kan dúró, àfi kí aáyán fi ṣe ilé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Lúfà ni ihò tó tóbi jù: bí ẹ bá pa á dé, afẹ́fẹ́ ṣì ń gba àárín gíláàsì rẹ̀ kọjá, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì gbà ni ariwo ń gbà. Ẹ ní kí káfíńtà gé plywood tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì sí ìwọ̀n ojú fèrèsé gẹ́lẹ́, kí ó fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé etí rẹ̀ yípo, kí ó kan ọwọ́ méjì mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn, ẹ tì í wọ ojú fèrèsé. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ má kàn án pa, nítorí ooru Èkó yóò lé yín jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti ilẹ̀kùn, ẹ lẹ rọ́bà mọ́ férémù rẹ̀ yíká, kí ẹ rán àpò aṣọ gígùn kan, kí ẹ bu yanrìn sí i, kí ẹ máa tẹ́ ẹ sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ èyí tó ṣófo nínú, tó ń dún "pókú-pókú" tí ẹ bá kàn án, ẹ kan plywood kejì lé e.

Ó wá ku ohùn inú yàrá. Férémù pákó ló dára jù: pákó 1 sí 4 ínǹṣì, ẹ kàn án ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 4, ẹ kó rockwool (ohun bí òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) tó nípọn ní ínǹṣì mẹ́rin sí i, ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé rockwool, nítorí ó máa ń yún ara, eruku rẹ̀ kò sì dára lọ́fun. Aṣọ tí ẹ máa fi bò ó, ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó: ẹ gbé e sẹ́nu kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn bá kọjá, ohùn á kọjá. Àǹkárá lásán láti Balógun tó. Lẹ́dà àti ọ̀rá kò dára, wọn á kàn ta ohùn padà ni.

Ẹni tí kò bá rí rockwool rà lè lo aṣọ ìnura àti bùláńkẹ́ẹ̀tì òkìrìkà láti Katangowa. Ẹ ká a lórí ara wọn, ẹ tò ó kún férémù náà kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èéhù á hù nínú rẹ̀, òórùn á gba yàrá.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ nípọn? Ohun rírọ̀ kì í mú ohùn dáadáa àfi bí ìnípọn rẹ̀ bá tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì ohùn yẹn. Fóòmù ínǹṣì kan, láti nǹkan bíi 3,400 Hz lọ sókè ló ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Ìyẹn ni pé ó ń jẹ ohùn tínrín nìkan, ó ń fi bass àti àárín ohùn sílẹ̀. Yàrá tí wọ́n lẹ irú fóòmù bẹ́ẹ̀ mọ́ láti òkè délẹ̀ máa ń mú ohùn dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Rockwool ínǹṣì mẹ́rin tẹ́ ẹ gbé sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ògiri á mú ohùn láti nǹkan bíi 430 Hz lọ sókè. Àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ohun èlò náà nípọn sí i.

Níbo ni ẹ máa gbé wọn sí? Àwọn tó pọ̀ ń kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn máìkì. Máìkì akọrin sábà máa ń di etí sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Iwájú ló ń gbọ́, iwájú rẹ̀ sì ni ẹ̀yìn akọrin. Nítorí náà, ẹ̀yìn akọrin ni kí méjì wà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lápá ọ̀tún àti òsì, kí ẹyọ kan rọ̀ sórí àjà lókè orí. Mẹ́ta tó kù, ẹ gbé wọn dúró ní kọ̀rọ̀. Mẹ́jọ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì lówó férémù rárá, fóòmù bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ fi ń sùn, tó nípọn ní ínǹṣì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ gbé e dúró sẹ́yìn akọrin. Ó sàn ju páànẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹ má tan àbẹ́là tàbí kọ́ìlì ẹ̀fọn sítòsí fóòmù. Kíá ló ń gbiná, èéfín rẹ̀ sì ń pa ènìyàn.

Iná

Ẹ ṣírò ohun tí sítúdíò yín ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù, nǹkan bíi wáàtì 65, sípíkà méjì kékeré, 40, fáànù, 55, gílóòbù, 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 170. Bátìrì 12 V, 100 Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú lórí ìwé, ṣùgbọ́n bátìrì ásíìdì kò fẹ́ kí ẹ lò ó kọjá ìdajì, inverter fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín jẹ́ nǹkan bíi 510. Ìyẹn á gbé yín fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń gba ohùn, fáànù gbọ́dọ̀ kú, sípíkà gbọ́dọ̀ kú, láptọ́ọ̀pù àti gílóòbù nìkan ló kù, ó sì lè gbé yín kọjá wákàtí mẹ́fà. Gbígba ohùn ní òru pẹ̀lú inverter, pípò orin lọ́sàn-án nígbà tí iná ìjọba bá dé: ètò tó bá Èkó mu nìyẹn.

Inverter tẹ́ ẹ bá máa rà, ẹ béèrè èyí tó jẹ́ pure sine wave, tí iná rẹ̀ ń yí geere bíi ti ìjọba. Èyí tí wọ́n ń pè ní modified kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n ariwo "zììì" rẹ̀ á wọ inú ohùn láti ara ṣájà, kò sì sí bọ́tìnì tó lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí jẹnẹrétọ̀ kékeré nìkan ni ẹ ní, ẹ fi gba agbára sínú bátìrì, kí ẹ pa á kí ẹ tó gba ohùn. Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, kì í ṣe kọ́rídọ̀, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń tú jáde kò lóòórùn, kò ṣeé rí. Yàrá tẹ́ ẹ ti dí pa nítorí ohùn wá léwu ju yàrá yòókù lọ.

Bí ẹ bá gbọ́ ìkùn "hùùù" nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù, ẹ wá a báyìí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò lára iná. Bí ìkùn bá lọ, ṣájà ni. Ẹ máa fi bátìrì láptọ́ọ̀pù gba ohùn.
2. Bí kò bá lọ, ẹ yọ kébù máìkì. Bí ó bá lọ báyìí, kébù ló bàjẹ́ tàbí ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná. Ẹ gbé e jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú, kí wọ́n má ṣe rìn pọ̀.
3. Bí ìkùn bá ń wá láti sípíkà nìkan, ẹ ki gbogbo ohun èlò bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ẹ sì lo kébù onílà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní TRS tàbí XLR láti sáǹdì káàdì dé ibi sípíkà.
4. Ẹ pa gílóòbù tó ṣeé dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ẹ gbé fóònù kúrò lórí tábìlì.

Iná wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìkùn rẹ̀ máa ń wà ní 50 Hz àti 100 Hz. Bí ẹ bá rí òkè gogoro níbi méjèèjì yìí lójú EQ (ibi tí ètò kọ̀ǹpútà ti ń fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ hàn, tí ẹ ti lè dín wọn kù), iná ni, kì í ṣe máìkì.

Ohun èlò tí ẹ máa rà

Nǹkan márùn-ún péré: sáǹdì káàdì, máìkì, hẹ́ẹ̀dìfóònù, ìdúró máìkì, kébù XLR méjì. Méjì ni kébù nítorí ọ̀kan á bàjẹ́ lọ́jọ́ tí akọrin bá wá. Sípíkà lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Sáǹdì káàdì ni Computer Village ń pe ẹ̀rọ kékeré tó ń so máìkì pọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù. Kí ó ní ojú XLR, ó kéré tán ẹyọ kan, kí ó lè fún máìkì ní 48 V, kí ó sì máa gba ohùn ní 24-bit. Focusrite Scarlett Solo ní ojú máìkì kan. Behringer UMC202HD ní méjì. Ẹni tó bá máa gba ìlù àti ohùn pọ̀, olójú méjì ni kó rà.

Ní ti máìkì, ẹ̀yà méjì ló wà níwájú yín. Condenser, bíi Audio-Technica AT2020, ń fẹ́ 48 V, ó sì ń gbọ́ ohun gbogbo, tó fi mọ́ àkùkọ òpópónà kejì. Dynamic, bíi Shure SM58, kò gbọ́ jìnnà. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbà. Nínú yàrá tí ariwo kò tíì kúrò dáadáa, dynamic la máa yàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé máìkì ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó kàn ń fẹ́ kí ẹ yí gain, bọ́tìnì tó ń gbé ohùn máìkì sókè, sókè dáadáa ni. Ayédèrú SM58 sì pọ̀ lọ́jà. Ojúlówó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 298. Ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́. Kí ẹ sì gbé láptọ́ọ̀pù, sáǹdì káàdì àti hẹ́ẹ̀dìfóònù yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gba ohùn ara yín fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbọ́ ọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá kọ̀, ẹ kí i, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bo etí pátápátá, kí orin inú rẹ̀ má jò bọ́ sínú máìkì. Ohun tó ń gba èémí níwájú máìkì, ẹ kò ní í rà á: ẹ tẹ háńgà onírin yípo bí òrùka, ẹ na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ lé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ so ó mọ́ ìdúró máìkì.

Láptọ́ọ̀pù tó ní RAM 8 GB àti SSD tó. Kò sídìí láti máa wá ìlà ohùn ọgọ́rùn-ún. Ní 1973 tí Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Wings wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Apapa, ẹ̀rọ onílà mẹ́jọ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ètò inú kọ̀ǹpútà

Èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n lò ló dára jù: FL Studio tí àwọn pùròdúsà Èkó fẹ́ràn, Reaper tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì jẹ́ kí ẹ dán an wò fún ọjọ́ 60, tàbí Audacity tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ FL Studio, kó ṣọ́ra: Fruity Edition tó rẹlẹ̀ jù kò wà fún gbígba ohùn, láti Producer Edition lọ sókè ni. Èyí tí wọ́n jí kọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń gbé kòkòrò wọlé, ó sì lè pa iṣẹ́ oṣù mẹ́ta rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ fi sí 48 kHz, 24-bit. Lórí Windows, ẹ fi dírafà ASIO (ètò tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù àti sáǹdì káàdì tètè gbọ́ ara wọn) tí ilé iṣẹ́ tó ṣe sáǹdì káàdì gbé jáde sí i, kí ẹ sì yàn án nínú ètò náà. Buffer ni ohun tó ń mú kí akọrin gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọrin tán, bí ẹni tí òjìji ń bá kọrin. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn, ẹ fi sí 128. Ìdádúró rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 2.7 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ní lílọ, àti bẹ́ẹ̀ náà ní bíbọ̀. Bí ohùn bá ń já, ẹ gbé e lọ sí 256. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń pò orin, ẹ gbé e sí 1024 kí láptọ́ọ̀pù lè mí.

Ìṣẹ́jú kan ìlà ohùn kan ní ìwọ̀n yìí ń gba nǹkan bíi 8.6 MB. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún tó ní ìlà 20 á gba nǹkan bíi 860 MB, ká má tíì ka àwọn tẹ́ ẹ tún gbà. Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan fún orin kan, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye ìgbà tẹ́ ẹ gbà á sára fáìlì: "ohun_egbe_0312_03". Kí ẹ tó sùn, ẹ dà á kọ sórí dírafù mìíràn. Iná tó lọ lójijì ti pa fáìlì tó pọ̀.

Gbígba ohùn akọrin

Ẹ gbé máìkì sí gíga ẹnu, kí ẹ yí i díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èémí má lọ tààrà sí i. Condenser, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Dynamic, 5 sí 10. Bí akọrin bá ṣe sún mọ́ ọn tó ni bass ohùn rẹ̀ ń pọ̀ tó, bí ó bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohùn á rẹlẹ̀ ní 6 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), tí yàrá á sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Ẹ lẹ téèpù sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà. Akọrin tó máa ń jó sẹ́yìn sówájú ni ó ń fún ẹni tó ń pò orin níṣẹ́ tí kò lópin.

Ẹ ní kó kọ ibi tó ga jù nínú orin náà, kó kọ ọ́ tọkàntọkàn, kì í ṣe kó máa sọ "one, two". Ẹ yí gain títí ohùn rẹ̀ á fi máa kan nǹkan bíi -12 dB lójú mítà, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin. Bí ẹ bá rí pupa, ohùn ti ya, kò sì sí oògùn fún un. 24-bit fún yín láyè tó. Kò sídìí láti máa lépa òkè.

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ ti máa lò ó láti dí àlàfo. Kí akọrin kọ orin náà tán pátápátá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ge. Èyí tó dára jù kì í sábà jẹ́ ti ìkẹwàá; ọ̀fun ti gbẹ. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ó mu, kì í ṣe omi dídì.

Gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo

Ìlù ni ibi tí ìwé ìlànà òkèèrè kò ti ní ràn yín lọ́wọ́. Gángan ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ohun tí máìkì gbọ́dọ̀ gbà ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìró kọ̀ǹgọ́ lára awọ nìkan. Ẹ gbé máìkì sí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 sí ojú awọ, kí ẹ yí i kúrò lójú ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń balẹ̀, kó máa wo etí awọ. Bí ó bá súnmọ́ jù, gbogbo ìfúnpọ̀ ọsán á máa dún "kíẹ́-kíẹ́". Ìyáàlù tó ní ṣaworo lára ń fẹ́ kí ẹ lọ sẹ́yìn sí i, bíi mítà kan, kí ohùn idẹ má bo ohùn awọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílù bóyá ó fẹ́ kí ṣaworo gbọ́ tàbí kí ó tú u. Ìpinnu tirẹ̀ ni.

Kọ̀ǹgọ́ máa ń balẹ̀ lójijì, nítorí náà ẹ fi gain sílẹ̀ níbi tí òkè rẹ̀ ò ti ní kọjá -10 dB. Ẹ má fi compressor, ẹ̀rọ tó ń fa ohùn tó ga jù wálẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù: bí ẹ bá sọ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ìlù di ọgbọọgba, ó di pé ìlù ń pariwo, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rinrin náà ń ṣiṣẹ́. Awọ tó gbẹ lọ́sàn-án á ti rọ̀ nígbà tó bá di òru nítòsí ọ̀sà, ohùn rẹ̀ á sì ti wálẹ̀. Ẹ gba gbogbo ìlù orin kan tán lọ́jọ́ kan náà.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 60 sí mítà kan. Bí ó bá sún mọ́ jù, ìlẹ̀kẹ̀ á máa ta etí. Agogo ń gún. Ẹ gbé e jìnnà tó mítà kan ààbọ̀, ẹ kó aṣọ nípọn sẹ́yìn ẹni tó ń lù ú.

Onílù wa kì í fẹ́ràn "tíkì, tíkì" tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti pa àkókò mọ́. Kò bá ìlù wa mu. Ẹ fi agogo gba "kón-kón-kó-ló" fún ìpín méjì, kí ó bá ìyára orin mu gẹ́lẹ́, kí ẹ jẹ́ kó máa yí po nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù. Wàhálà á tán níbẹ̀.

Ohùn Yorùbá àti ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ẹ̀rọ tó ń fa ohùn sórí nóòtì (irú Auto-Tune) kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ẹ bá fi ìyára rẹ̀ sí òdo, gbogbo ibi tí ohùn ti ń yọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀ á di àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ á yí ìtumọ̀ padà. Ẹ fi ìyára náà sáàárín 40 sí 80, kí ẹ yan àwọn nóòtì tí orin náà ń lò gan-an, kí ẹ sì pa á níbi tí akọrin bá ti ń kì tàbí tó ń dárin bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ jẹ́ kí àgbà kan tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ orin náà gbọ́ ọ, kí ó sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ibi tó bá ti ṣì í gbọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí.

Pípò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n lásán, láìfi ẹ̀rọ kankan sí i: kí ohùn akọrin wà níwájú, kí ìlù tẹ̀lé e. Ẹ gé ìsàlẹ̀ ohùn akọrin kúrò láti 80 tàbí 100 Hz. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Bí ohùn bá dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò, ẹ dín 250 sí 400 Hz kù ní 2 tàbí 3 dB. Compressor 3:1, kí ó máa fà á wálẹ̀ ní 3 sí 6 dB, ìyẹn tó. Bí "s" bá ń ta etí, ó wà láàárín 5 sí 8 kHz. Reverb (ìró tó ń tẹ̀lé ohùn bíi ti yàrá ńlá) díẹ̀, bí ẹ bá ń gbọ́ ọ yékéyéké, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, nínú ọkọ̀, lórí sípíkà kékeré aláta tó wà níwájú ilé. Bass tó kún yàrá yín tí kò sì sí nínú ọkọ̀, ògiri yàrá ló ń parọ́ fún yín. Ẹ rántí pé LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo àyíká, fi ìwọ̀n ariwo agbègbè ibùgbé sí 55 dB lọ́sàn-án àti 45 dB lóru, nítorí náà hẹ́ẹ̀dìfóònù ni iṣẹ́ òru. Fún Spotify, nǹkan bíi -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí odidi orin ṣe ń dún sókè tó létí), kí òkè rẹ̀ má kọjá -1 dB.

Kíkọ́ iṣẹ́ náà

Oṣù àkọ́kọ́, ẹ má gba orin odidi. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ mú ẹsẹ orin kan tó tó ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ gbà á ní sẹ̀ǹtímítà 5, 15, 30 àti 60, kí ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ pa ojú dé kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ èwo. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ gba ẹsẹ kan náà níbi mẹ́rin nínú yàrá. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ yí gain kí ohùn máa kan -24, -12 àti -3 dB. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ yọ férémù kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbọ́ ohun tó yí padà. Etí tó ti ṣe ìdánwò yìí á mọ ohun tó ń ṣe máìkì kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnì.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má fi máìkì sílẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀. Ọ̀rinrin Èkó àti iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ awọ tínrín inú condenser. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ún, ẹ kó o sínú ike tó lómọrí pẹ̀lú àwọn àpò kékeré silica gel tí wọ́n ń fi sínú bàtà tuntun, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ti fa omi. Kébù, ẹ ká a yípo, ẹ gbé e kọ́ sórí ìṣó lókè. Èyí tó bá wà nílẹ̀, èkúté ló ni ín.